Iyè Tó Ra Kì Í Ṣe Ẹ̀ṣẹ̀: Ọ̀rọ̀ lórí Àrùn Alzheimer àti Ojúṣe Àwa Awo



   

 

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ọdún ní kí n wá sọ̀rọ̀, wọ́n rò pé n óò mú odù kan, kí n sì tú u palẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí ohun tí a fi ń gbé odù dání, èyíinì ni iyè. Bí ọ̀pẹ̀lẹ̀ bá já, a ó so òmíràn. Bí ọpọ́n bá là, àwọn agbẹ́gilére kò tíì tán nílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí iyè awo bá ra, kí ni a ó fi rọ́pò rẹ̀? Ojú odù 16 ni a ní, odù 256 ni gbogbo rẹ̀ lápapọ̀, àwọn ẹsẹ tó wà nínú wọn kò sì lóǹkà. Ní ọdún 2005 ni àjọ UNESCO kéde Ifá ní ọ̀kan nínú àwọn àjogúnbá àtẹnudẹ́nu tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú. Kì í ṣe ọpọ́n ni wọ́n ń kéde, kì í sì í ṣe ìkin. Ohun tó wà lórí àwọn àgbà awo ni.

Èmi kò lọ sí ilé ìwé ìṣègùn òyìnbó. Ọ̀dọ̀ olúwo mi ni mo ti kọ́ṣẹ́. Ohun tí n óò sọ nípa ọpọlọ, ọ̀dọ̀ àwọn dókítà ni mo ti bèèrè rẹ̀, ọmọ mi obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi títí ó fi yé mi. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Ohun tí ojú mi rí

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí bàbá mi fà mí lé olúwo mi lọ́wọ́. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo lò lábẹ́ rẹ̀. Kò mọ̀wé, kò kọ nǹkan kan sílẹ̀ rí, ṣùgbọ́n kò sí odù tí ẹ lè dárúkọ tí kò ní máa wọ́ ẹsẹ rẹ̀ tọ ara wọn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Nígbà tí ó lé díẹ̀ ní ẹni àádọ́rin ọdún, a wà níbi ọdún Ifá kan, ó sì ki ẹsẹ kan náà lẹ́ẹ̀mẹta ní ìjókòó kan. Àwọn ọmọ awo rẹ́rìn-ín, wọ́n ní bàbá ń dán wa wò ni. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ odù kan, ó já sínú òmíràn. Lẹ́yìn èyí, ó jáde láti Mégídá, kò sì mọ ọ̀nà ilé tí ó ti ń gbé láti ọgbọ̀n ọdún mọ́. Nígbà tó yá, ó ní ìyàwó òun àgbà jí ìkin òun. Inú àpò gààrí ni a ti bá ìkin náà. Òun fúnra rẹ̀ ló kó o síbẹ̀.

Àwa awo pe ìpàdé. Apá kan ní ó ti jẹ èèwọ̀, ohun tí ó jẹ ló ń jà á. Apá kejì ní ìyàwó rẹ̀ ni, pé ìyá náà ti fi ayé pa á ní iyè. Èmi ni wọ́n ní kí n dá Ifá sí i. Ẹ̀yin àgbà, n óò sọ òtítọ́ níwájú yín lónìí. Ohun tí Ifá sọ kò ju ọ̀rọ̀ àìlera àti ìtọ́jú lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti kún inú mi, ojú àwọn ẹgbẹ́ mi sì wà lára mi, mo bá túmọ̀ rẹ̀ sí ibi tí gbogbo ilé ń wò. Ìyá kó ẹrù rẹ̀ jáde nílé ọkọ rẹ̀. Oṣù mẹ́jọ ló fi gbé lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀.

Ọmọ mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló wá sọ pé kí a gbé bàbá lọ sí ilé ìwòsàn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò, wọ́n sì sọ fún wa pé àrùn kan ló ń jẹ ọpọlọ rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni Alzheimer. A lọ bẹ ìyá, ó padà wálé. Òun ló wẹ ọkọ rẹ̀, òun ló bọ́ ọ, títí ọlọ́jọ́ fi dé. Lọ́jọ́ tí mo dọ̀bálẹ̀ fún un láti tọrọ àforíjì, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí. Ó ní, “Ọmọ mi, ṣé Ifá ló ní kí ẹ lé mi?”

Ìbéèrè yẹn ni mo gbé wá síwájú yín. Ifá kò parọ́. Àwa tí à ń túmọ̀ ni a lè ṣì í túmọ̀.

Orúkọ àrùn náà

Àwọn baba wa mọ̀ pé àgbà lè ṣarán. Wọ́n a ní, “Iyè rẹ̀ ti ra.” Ṣùgbọ́n wọ́n kà á sí ìṣe ọjọ́ orí. Ó yẹ kí a ya ohun méjì sọ́tọ̀. Kí àgbà gbàgbé ibi tí ó fi kọ́kọ́rọ́ sí, kó sì rántí nígbà tó bá yá, ọjọ́ orí nìyẹn. Kí ó mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, kó má mọ ohun tí a ń fi ṣe, àìsàn nìyẹn. Oríṣiríṣi àrùn ló ń ra iyè, ṣùgbọ́n Alzheimer ló wọ́pọ̀ jù nínú wọn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2021, ènìyàn bíi mílíọ̀nù 57 ni oríṣiríṣi àrùn ìràyè ń bá jà láyé, èyí tó ju ìlàjì wọn lọ sì wà ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lọ́rọ̀ púpọ̀, irú tiwa.

Orúkọ dókítà ará Jámánì kan ni orúkọ àrùn náà, Alois Alzheimer. Ní ọdún 1901, wọ́n gbé obìnrin kan tí ń jẹ́ Auguste Deter wá sí ilé ìwòsàn tó ti ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Frankfurt. Ẹni ọdún 51 ni. Ó ń fura sí ọkọ rẹ̀ láìnídìí, ó ń kó nǹkan pamọ́ kiri ilé, ó ń pariwo, kò sì lè kọ orúkọ ara rẹ̀ parí. Nígbà tí obìnrin náà kú ní ọdún 1906, dókítà yìí wo ọpọlọ rẹ̀ lábẹ́ awò, ó sì rí ohun méjì tí kò yẹ kó wà níbẹ̀: èérí kan tó dì káàkiri ẹ̀yìn àwọn sẹ́ẹ̀lì, àti òwú kan tó lọ́ mọ́ra nínú wọn. Ọdún náà ló sọ ohun tí ó rí fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Tübingen.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè. Obìnrin tó ń fura, tó ń kó nǹkan pamọ́, tó ń pariwo lóru: bó bá jẹ́ àdúgbò wa níhìn-ín ló gbé, orúkọ wo ni à bá fún un?

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ

Ara ènìyàn, sẹ́ẹ̀lì ni a fi mọ ọ́ bí a ti ń fi búlọ́ọ̀kù mọ ilé, àfi pé alààyè ni sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé èrò kiri nínú ọpọlọ tó bíi bílíọ̀nù 86. Ọpọlọ kò ju ìdá 2 nínú 100 ìwúwo ara lọ, síbẹ̀ ìdá kan nínú márùn-ún agbára tí ara ń lò ló ń gbà. Ẹni tó ń dáná púpọ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe kó má ní èéfín púpọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo sẹ́ẹ̀lì kan bí agbo ilé. Ilé ìdáná wà nínú rẹ̀, níbi tí a ti ń sọ oúnjẹ di agbára. Iná yìí ní èéfín tirẹ̀, èéfín tó lè jó ògiri ilé bí kò bá rí ibi jáde. Nígbà tí a ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, sẹ́ẹ̀lì a máa gbá èéfín rẹ̀ jáde. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, ìdáná a máa gbó, èéfín a máa pọ̀ sí i.

Yàrá mìíràn tún wà, níbi tí a ti ń ká purotéènì. Purotéènì ni ohun tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Bí ó bá kọ́kọ́ jáde, ó dà bí gèlè tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kúrò nínú àpótí: aṣọ pẹlẹbẹ ni, ìgbà tí a bá wé e tán ló tó di gèlè. Bí a bá wé e tì, kò wúlò, ńṣe ni yóò kàn dí yàrá. Bí àwọn tí a wé tì bá pọ̀, sẹ́ẹ̀lì a pariwo sí ara rẹ̀ pé, “Ẹ dáwọ́ iṣẹ́ tuntun dúró, ẹ palẹ̀ ìdọ̀tí mọ́ ná.” Ipò yìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní ìdààmú sẹ́ẹ̀lì. Fún ìgbà díẹ̀, ó dára, ìgbàlà ni. Ṣùgbọ́n bí ariwo náà kò bá dákẹ́, ìṣòro dé, nítorí pé ẹ̀kọ́ tuntun kò lè dúró lọ́pọlọ pẹ́ títí láìsí purotéènì tuntun. Sẹ́ẹ̀lì tó dáwọ́ iṣẹ́ dúró títí kò lè gbé ohun tuntun pamọ́, nígbẹ̀yìn yóò sì kú. Ìdí nìyí tí olúwo mi fi lè ki ohun tí ó kọ́ ní kékeré, tí kò sì rántí ohun tí ó jẹ láàárọ̀.

Ohun méjì tí Alzheimer rí ńkọ́? Èyí tó wà lẹ́yìn sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń pè ní ámíláọ́ìdì, ègé purotéènì tó so mọ́ ara rẹ̀ tó sì di èérí. Èyí tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ni táù. Iṣẹ́ táù gan-an ni kó máa di ọ̀nà inú sẹ́ẹ̀lì mú, bí okùn ṣe ń di àkàbà ọparun. Bí àrùn bá dé, okùn á tú kúrò lára àkàbà, á lọ́ mọ́ra, àkàbà á sì wó. Ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà dé ìkángun sẹ́ẹ̀lì á dí.

Wàyí o, ọpọlọ ní ọlọ́dẹ tirẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì kéékèèké kan ni, wọ́n ń pè wọ́n ní microglia. Bí ọlọ́dẹ àdúgbò wa ṣe ń rìn kiri lóru, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń rìn kiri nínú ọpọlọ: wọ́n ń gbá èérí, wọ́n ń jẹ òkú sẹ́ẹ̀lì, wọ́n ń bá kòkòrò jà. Bí wọ́n bá rí ámíláọ́ìdì, wọ́n á yí i ká, wọ́n á fọn fèrè pe ara wọn. Fèrè yìí ló ń mú kí ibẹ̀ gbóná, bí ẹsẹ̀ tí ẹ̀gún gún ṣe ń gbóná tó sì ń wú. Bí ìjà bá tètè parí, alàáfíà dé. Ṣùgbọ́n èérí Alzheimer kì í tán. Ọlọ́dẹ á jà lónìí, á jà lọ́la, á jà lọ́dún mẹ́wàá. Ẹ ti mọ ohun tí ọlọ́dẹ tí kò sùn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ lè ṣe: bí onílé bá yọjú lójú fèrèsé, yóò yìnbọn lù ú. Bẹ́ẹ̀ ni ìgbóná tó yẹ kó gbà wá ṣe ń padà ba àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ṣì dá jẹ́. Ìbàjẹ́ náà á tún fi kún ìdààmú, ìdààmú á tún fi kún ìgbóná. Ní ọdún 2013, àwọn onímọ̀ ṣàwárí pé àwọn tí wọ́n bí pẹ̀lú àbùkù nínú àbùdá kan tí ń jẹ́ TREM2, èyí tó ń darí iṣẹ́ àwọn ọlọ́dẹ yìí, tètè máa ń ní àrùn Alzheimer ju àwọn mìíràn lọ. Èyí fi hàn pé ọ̀rọ̀ ọlọ́dẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà nínú àrùn yìí.

Ohun tó yẹ kó dùn wá jù ni pé ìjà yìí ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 15 sí 20, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹnikẹ́ni tó rí àmì ìgbàgbé. Nígbà tí olúwo mi ki ẹsẹ kan lẹ́ẹ̀mẹta tí a fi rẹ́rìn-ín, iná náà ti ń jó lábẹ́ òrùlé láti ìgbà tí ó ṣì wà ní ẹni àádọ́ta ọdún. Èèwọ̀ wo ni ó jẹ nígbà náà? Kí ni ìyàwó rẹ̀ ṣe fún un nígbà náà?

Ẹ̀rí láti Ìbàdàn

Ẹnìkan lè sọ pé àrùn òyìnbó ni èyí. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìlú Ìbàdàn níhìn-ín ni ọ̀kan nínú àwọn ìwádìí tó lórúkọ jù lọ láyé lórí ọ̀rọ̀ yìí ti wáyé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Kayode Osuntokun, tó papò dà ní 1995, wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Adesola Ogunniyi, Oye Gureje àti Olusegun Baiyewu bá a lọ, pẹ̀lú Hugh Hendrie àti Kathleen Hall láti Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà. Láti ọdún 1992 ni wọ́n ti ń wọlé tọ àwọn àgbà lọ ní agbègbè Ìdíkàn, wọ́n sì ń ṣe bákan náà láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ní ìlú Indianapolis. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi àwọn àgbà, wọ́n tò ó lọ́nà tí ẹni tí kò mọ̀wé yóò fi lè dáhùn, wọ́n sì tún ń bi ará ilé rẹ̀ léèrè bí ìṣe rẹ̀ ṣe rí sí ti tẹ́lẹ̀.

Àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2001. Àgbà 2,459 ní Ìbàdàn àti 2,147 ní Indianapolis, tí gbogbo wọn ti lé ní ẹni ọdún 65 tí iyè wọn sì pé, ni wọ́n tẹ̀ lé fún bí ọdún márùn-ún. Nínú àgbà 1,000 ní Ìbàdàn, bíi 11 tàbí 12 ni àrùn Alzheimer ń mú lọ́dún kan. Ní Indianapolis, bíi 25 ni. Ìlọ́po méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìran wọn àti ìran wa tan mọ́ra, nítorí pé ilẹ̀ wa ni òwò ẹrú ti kó ọ̀pọ̀ àwọn baba ńlá wọn lọ.

Àbùdá kan sì wà tí wọ́n ń pè ní APOE4. Láàárín àwọn aláwọ̀ funfun, ẹni tó bá ní i ti sún mọ́ àrùn yìí gan-an. Ní Ìbàdàn, wọn kò rí i kí ó lágbára bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kọ́ méjì ni mo rí kọ́ nínú èyí. Àkọ́kọ́, àrùn yìí wà láàárín wa, ó ń mú Yorùbá, kò sì yọ àwọn tó ń bọ Ifá sílẹ̀. Ìkejì, kì í ṣe ohun tí a bá wáyé nìkan ló ń pinnu rẹ̀. Bí a ṣe ń gbé ìgbé ayé wa wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìwádìí kan náà tún fi hàn lẹ́yìn náà pé àwọn àgbà tí wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ní Ìbàdàn wà nínú ewu ìràyè ju àwọn tí kò ní i lọ. Ìgbé ayé Ìdíkàn ti ọdún 1992 kọ́ ni àwa ń gbé ní Ayọ̀bọ̀ lónìí. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi orí lé iye ti àtijọ́.

Ohun tí a lè dènà, àti ohun tí kò sí ìwòsàn fún

Igi tó máa gún ni lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ní ọdún 2024, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé kalẹ̀ ka ohun 14 tó ń fa ìràyè tí ènìyàn lè ṣe nǹkan sí. Wọ́n ní bí gbogbo ayé bá lè mú gbogbo wọn kúrò, a lè dènà ìràyè tàbí kí a sún un síwájú nínú bí ìdá 45 nínú 100. N óò mú àwọn tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n.

Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ: ẹ lọ yẹ̀ wọ́n wò, kí ẹ sì máa lo oògùn tí wọ́n bá fún yín. Ẹ má ṣe já a sílẹ̀ nígbà tí ara bá balẹ̀. Etí tó ń di àti ojú tó ń ṣókùnkùn: ọpọlọ tí kò gbọ́ tí kò sì ríran kì í rí iṣẹ́ ṣe. Orí tí a fi gbá ilẹ̀: ẹ̀yin tí ẹ ń gun ọ̀kadà, ẹ dé akoto. Sìgá àti ọtí: ẹ̀yin awo, ọtí tí a fi ń bọ òrìṣà kò pọn dandan kó jẹ́ ọ̀fun wa ló gbẹ̀yìn rẹ̀. Èéfín: jẹnẹrétọ̀ tí a gbé sí ẹnu ilẹ̀kùn yàrá àgbà kò yẹ. Àìrìn àti ìdáwà: àgbà tó jókòó sí kọ̀rọ̀ yàrá láti òwúrọ̀ di alẹ́, láìsí ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀, iyè rẹ̀ wà nínú ewu. Ẹ jẹ́ kí àwọn àgbà wa máa kọ́ni, kí wọ́n máa ki ẹsẹ, kí wọ́n máa wá sí ìpàdé. Bí a bá sì ṣe àìsùn fún ọdún, ẹ jẹ́ kí a sùn tẹ́rùn lẹ́yìn rẹ̀, nítorí pé ojú oorun ni ọpọlọ ti ń ráyè fọ púpọ̀ nínú èérí rẹ̀.

Ní ti oògùn, kò tíì sí èyí tó ń wo Alzheimer sàn. Èyí tó ń ran iyè lọ́wọ́ díẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ wà. Ní ọdún 2023, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lecanemab, oògùn tó ń gbá ámíláọ́ìdì kúrò. Ó ń mú kí àrùn náà rọra rìn lára àwọn tó tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò dá a padà, ó wọ́n, ó sì lè mú kí ọpọlọ wú tàbí kó ṣẹ̀jẹ̀. Ẹ tún gbọ́ èyí dáadáa: nítorí pé mo sọ̀rọ̀ ìgbóná inú ọpọlọ, kí ẹnikẹ́ni má ṣe lọ máa gbé oògùn ara ríro mì lójoojúmọ́. Wọ́n ti dán irú oògùn bẹ́ẹ̀ wò lára àwọn àgbà, kò dènà àrùn yìí, ó sì lè ba inú àti kíndìnrín jẹ́.

Ìsọ̀yè wa ńkọ́? Mo jẹ ìsọ̀yè, mo sì ti fún ọmọ awo jẹ. Ṣùgbọ́n ajílẹ̀ ni ìsọ̀yè, orí oko tó ní ilẹ̀ ni a ti ń lò ó. Ilẹ̀ oko gan-an ni Alzheimer ń wọ́ lọ. Ẹni tó bá gbà pé òun ní ewé tó dá a padà, kó gbé e lọ sí yunifásítì, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní gbangba. Kó má ṣe gba owó ilé lọ́wọ́ ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń kú lọ.

Ojúṣe wa

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń ti ọ̀dọ̀ wa kọjá kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ọ̀rọ̀ kan láti ẹnu wa lè gbà wọ́n, ó sì lè pa wọ́n. Ní oṣù keje ọdún 2020, ní Kafaba ní àríwá Gánà, wọ́n lu ìyá ẹni 90 ọdún kan, Akua Denteh, pa ní gbangba, nítorí pé wọ́n pè é ní àjẹ́. Ẹnu ẹni tó sọ pé òun ríran ni ẹ̀sùn náà ti jáde. Ẹ jẹ́ kí ó jìnnà sí ẹnu tiwa.

Nítorí náà, mo mú àbá mẹ́rin wá síwájú ẹgbẹ́ yìí.

Èkíní, kí awo kankan nínú wa má ṣe pe àgbà tí iyè rẹ̀ ń ra ní àjẹ́, kó má sì sọ pé ará ilé rẹ̀ ló ń ṣe é. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, kí ẹgbẹ́ pè é lẹ́jọ́.

Èkejì, kí a tó dá ẹbọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí a sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ilé ìwòsàn gbogbogbòò Alimosho wà ní Ìgándó, ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Yábàá, LUTH sì wà ní Ìdí-Àràbà. Ìdí tí mo fi ń sọ pé kí wọ́n tètè lọ ni pé àwọn àìsàn mìíràn wà tó ń fara jọ Alzheimer tó sì ní ìwòsàn: àìtó fítámì B12, àìsàn ẹran kékeré iwájú ọ̀fun, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, oògùn tí kò bá ara mu, ẹ̀jẹ̀ tó dì sí agbárí lẹ́yìn ìṣubú. Ẹ wo irú ìbànújẹ́ tí yóò jẹ́, bí ẹni tí abẹ́rẹ́ fítámì lè dá padà bá lo ọdún mẹ́ta nídìí ìràwọ́ ẹ̀bẹ̀ sí ẹni tí kò ṣe é ní nǹkan kan.

Ẹ̀kẹta, kí a kọ́ àwọn ará ilé ní ìtọ́jú. Ẹ má ṣe dè é mọ́lẹ̀. Ẹ má ṣe bá a jiyàn. Bí ó bá ní wọ́n jí nǹkan òun, ẹ bá a wá a. Ẹ kọ nọ́ḿbà fóònù mọ́ inú aṣọ rẹ̀, ẹ fi iná sílẹ̀ fún un lóru, ẹ gbé gáàsì kúrò ní àrọ́wọ́tó rẹ̀. Kí ẹ sì máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, kí òun náà lè sinmi. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí.

Ẹ̀kẹrin, kí a máa gba ohùn àwọn àgbà awo sílẹ̀ nígbà tí iyè wọn ṣì pé, pẹ̀lú àṣẹ wọn. Bí a kò bá ṣe é, àwa la fi ọwọ́ ara wa dáná sun ilé ìkówèésí.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kádìí ọ̀rọ̀ mi. Ní ọdún tí olúwo mi lò kẹ́yìn láyé, kò mọ orúkọ mi mọ́. Kò mọ orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo jókòó tì í, mo bẹ̀rẹ̀ ẹsẹ àkọ́kọ́ tí ó kọ́ mi nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá, mo sì dákẹ́ lágbedeméjì. Bàbá gbé orí sókè, ó gbà á lẹ́nu mi, ó kì í dé òpin láìfò kankan. Ìyá tí a lé jáde nílé, tó padà wá wẹ̀ ẹ́, ló dáhùn ègbè rẹ̀. Ojú mi kún fún omi. Èyí tí àrùn kò tíì rí gbà lọ́wọ́ rẹ̀, àwa ni a fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á.

Kí iyè wa má ra. Kí ẹni tí iyè rẹ̀ bá ra má ṣe aláìní ẹni tí yóò bá a rántí. Kí Ọ̀rúnmìlà má jẹ́ kí a túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí ìpalára ọmọlàkejì. Ẹ̀mí wa yóò ṣe púpọ̀ ọdún láyé.